Kóró Inú Elégédé Kò Dọ́gba

Ní ọjà Kúbwà, l'Ábùjá, èdè Hausa ni a fi ń ná elégédé. Kabewa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọbẹ̀ taushe sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń rà á fún. Àwọn obìnrin Gbàgyí, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó wá kọ́ olú-ìlú sí i, máa ń gbé e ti abúlé wá lórí èjìká, nítorí èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ la sábà máa ń wá lọ: ẹ̀fọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀, tí àwọn ará Òndó àti Èkìtì kì í fi ṣeré rárá. Ẹni tó ń béèrè kóró láti gbìn kò pọ̀. Èyí tó bá sì béèrè, yóò da kóró sórí àtẹ́lẹwọ́, yóò ṣa èyí tó fẹ̀ jù níbẹ̀, yóò da ìyókù padà sínú abọ́.

Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ irúgbìn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìkàrẹ́ Àkókó ni wọ́n bí wọn sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ wọn, ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ kó kúrò l'Ékòó lẹ́yìn tí Àbújá di olú-ìlú Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Kúbwà ni wọ́n rí ilé sí, bíi ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká owó ilé àárín ìlú. Ilẹ̀ tí Màmá ń dá kì í ṣe tiwọn. Bèbè odò kékeré kan ni, ní apá Byazhin, lábẹ́ àwọn àpáta ńlá kan, bàbá Gbàgyí kan ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, úgù àti gbọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tà jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kì í wá ẹ̀fọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Irúgbìn ni wọ́n ń wá lọ.

Elégédé ńlá ti ilẹ̀ òkèèrè ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ìròyìn rẹ̀ kì í tán létí mi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn ìbejì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stuart àti Ian Paton, gbé elégédé kan sórí òṣùwọ̀n, ó wọn kílógíráàmù 1,278 ó lé díẹ̀. Ó ju ìwọ̀n àpò símẹ́ńtì 25 lọ. Kí tiwọn tó dé, ti Travis Gienger ará Minnesota ní Amẹ́ríkà ló wà nípò kìíní láti ọdún 2023, kílógíráàmù 1,246. Irú elégédé tí gbogbo wọn ń gbìn ti ọwọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo wá: Howard Dill, ará Windsor ní Nova Scotia, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa irúgbìn, ó ń fi ọmọ èyí tó tóbi fẹ́ ọmọ èyí tó tóbi, títí ó fi gba ipò kìíní láyé lọ́dún mẹ́rin léra wọn, láti 1979 dé 1982. Atlantic Giant lorúkọ irúgbìn rẹ̀. Dill ti kú ní 2008, àmọ́ ẹni tó bá ń gbin elégédé ńlá lónìí, àtọmọdọ́mọ irúgbìn Dill ló ń gbìn.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí ni bí wọ́n ṣe ń mọ ìran irúgbìn. Wọ́n á sọ kóró ní orúkọ ìwọ̀n elégédé tí wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n á fi orúkọ ìdílé ẹni tó gbìn ín tì í. 2009 Wallace, bí àpẹẹrẹ, inú elégédé Ron Wallace ará Rhode Island ló ti wá, èyí tó wọn pọ́n-ùn 2,009 lọ́dún 2012, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ láyé tó kọjá pọ́n-ùn 2,000. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún kọ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Mo rí àwòrán irú kóró bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Inú èso kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde, síbẹ̀ èyí fẹ̀, èyí tín-ín-rín, èyí wú, èyí pẹlẹbẹ. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọjọ́ kan náà ni òdòdó wọn ṣí. Kí ló wá pín wọn níyà? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé tọ Màmá lọ.

Màmá ò dáhùn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìdájí ni kóo wá. Bóo bá wá nígbà tí oòrùn ti yọ, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ mọ́.”

Òdòdó elégédé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdájí ló ń ṣí, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé, kò sì ní í ṣí mọ́. Akọ dá dúró lórí ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Abo kúrú, ó sì ní elégédé kékeré nídìí láti ọjọ́ tó ti yọjú, kí akọ kankan tó kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: èèyàn á wá abo tí ẹnu rẹ̀ ti ń pọ́n, tó hàn pé yóò ṣí lọ́la, á fi òwú dì í lẹ́nu kí oyin má baà ṣáájú ẹni wọlé. Á di akọ kan tàbí méjì lẹ́nu bákan náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á já akọ, á ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù kí ọ̀pá àárín lè hàn, èyí tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò bò. Á tú okùn ẹnu abo, á wá fi akọ ra ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú abo pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ìgbà mìíràn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ kàn. Lẹ́yìn náà á tún un dì.

Màmá ń gé ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi máákà kọ ọjọ́, ìyá àti bàbá sí i, wọ́n á so ó mọ́ ọrùn èso. Ìwé kò wúlò fún un, òjò Kúbwà yóò ti jẹ ẹ́ tán kí èso tó gbó.

Ibi ìfira yìí ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Inú elégédé kékeré tó wà nídìí abo yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin tíntìntín ló tò síbẹ̀. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú tó tó fún ọgbọ̀n ẹyin bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ní irinwó ẹyin, ọgbọ̀n péré ló lè di ọmọ. Ìyókù á di èèpo lásán, funfun, pẹlẹbẹ, tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tó ṣe ọbẹ̀ taushe rí ti rí wọn, á rò pé kóró tí kò gbó ni. Kì í ṣe kóró rárá, bàbá rẹ̀ ni kò dé.

Ìdí nìyí tí elégédé oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ fi máa ń ní ìdajì ara tó wú àti ìdajì tó sún kì. Òjò ń rọ̀ lówùúrọ̀, oyin ò jáde, omi sì wọ inú òdòdó. Apá ibi tí kóró kò ti dá dúró kì í tóbi bí apá kejì. Màmá á wo èso kan láti òkèèrè, wọ́n á sọ ẹ̀gbẹ́ tí kóró ò sí, a ó là á, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí.

Bí a bá wá ń la èso láti ọrùn dé ìdí, Màmá kì í jẹ́ kí n po kóró pọ̀. Wọ́n ní kí n pín in sí mẹ́ta: ti ọrùn, ti àárín, àti ti ìdí níbi tí òdòdó ti rẹ̀ sí. Kóró ti ìdí ló sábà máa ń kún jù, ti ọrùn ló ní òfìfo jù. Ó yé mi nígbà tí mo mọ ọ̀nà tí lẹ́búlẹ́bú ń gbà. Bó bá ti bà sójú abo, a máa ta okùn tíntìntín kan tó ń wọ inú lọ wá ẹyin. Ẹyin tó wà nídìí, níbi òdòdó, ló kọ́kọ́ pàdé. Èyí tó yára jù nínú àwọn okùn ló ń gbà á, ti ọrùn ló sì ń kù sẹ́yìn, bí lẹ́búlẹ́bú ò bá pọ̀ tó, kò ní í kàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí àwọn ẹbí elégédé, wọ́n rí i pé òdòdó tí lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ bà, ọmọ tó hù nínú kóró rẹ̀ máa ń lágbára ju ti òdòdó tí díẹ̀ bà. Màmá ò gbọ́ orúkọ Stephenson rí. Àmọ́ akọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi ra abo kan, wọn kì í fi ẹyọ kan ṣe é.

Ẹ̀kọ́ tó tún èrò mi ṣe jù wá lẹ́yìn ìyẹn. Màmá ní èso tí ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ìtàkùn irú kan náà, wọ́n ní kí n já a lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì la á níṣojú wọn.

Àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìfira. Elégédé náà ti tóbi tán, ẹni tí kò mọ̀ á ní kó lọ sọ́jà. Kóró inú rẹ̀ náà ti fẹ̀ tán. Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kóró gbígbẹ ti ọdún tó kọjá, fífẹ̀ wọn dọ́gba. Màmá ní kí n fi èékánná ya èèpo rẹ̀. Omi ló jáde, omi tó ki, tó ń yọ̀. Ní ṣóńṣó kóró, níbi tó ti mú, ohun funfun kékeré kan wà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọlẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ibi tó kù nínú ilé ńlá yẹn, omi ló wà níbẹ̀.

Ìkejì ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ewé méjì funfun ti dìde láti ṣóńṣó, wọ́n ti na ara wọn dé ẹ̀yìn kóró, àmọ́ wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n sì rọ̀. Mo tẹ̀ wọ́n, wọ́n tẹ̀, wọn ò ṣẹ́. Ìkẹta ti pé oṣù méjì, ọrùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti le koránkorán. Kóró rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ya èèpo, tí mo bó awọ fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ewé méjì náà nípọn, wọ́n kún dé etí, wọ́n ṣẹ́ pá, òróró wọn sì wà lọ́wọ́ mi.

“Aṣọ ni ìyá kọ́kọ́ ń rán,” Màmá ní. “Ó ti wọn ọmọ kó tó bí i. Ara ọmọ ló kù kó kún aṣọ. Ẹni tó bá ń fi fífẹ̀ ra irúgbìn, aṣọ ló rà.”

Mo lọ wá a nínú ìwé lẹ́yìn náà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brent Loy, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí elégédé àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Yunifásítì New Hampshire, ṣàlàyé pé èso ń tóbi tán ní nǹkan bí ọjọ́ 20 lẹ́yìn tí òdòdó ti gba akọ, àmọ́ kóró ṣì ń kún títí dé nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60. Ó tún sọ ohun kan tí mo ti ń rí lọ́dọ̀ Màmá láìmọ ìdí rẹ̀: lẹ́yìn tí a ti já èso, kóró a ṣì máa fa oúnjẹ nínú ara rẹ̀. Màmá kì í la elégédé irúgbìn lọ́jọ́ tí wọ́n já a. Wọ́n á gbé e sí abẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àyè ni kò sí níta.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá tó yé mi. Màmá ní irú méjì: ọ̀kan tí wọ́n mú wá láti Ìkàrẹ́, kóró rẹ̀ kéré, èkejì tí obìnrin Gbàgyí kan fún wọn, kóró rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. A mú lẹ́búlẹ́bú ti Gbàgyí, a fi ra abo ti Ìkàrẹ́. Èmi ń retí kóró tó fẹ̀. Nígbà tí a là á, kóró Ìkàrẹ́ ni, kékeré, kò yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. A gbin kóró yẹn, ìtàkùn tó hù jáde nínú rẹ̀ ló wá so èso tí kóró rẹ̀ fẹ̀ ju ti Ìkàrẹ́ lọ. Ohun tó fà á rọrùn: ara ìyá ni èèpo kóró ti wá, bàbá ò lọ́wọ́ níbẹ̀. Inú kóró ni ìyá àti bàbá ti pàdé. Nítorí náà, bí elégédé kan bá gba akọ láti oko mẹ́wàá, èèpo gbogbo kóró rẹ̀ á jọ ara wọn, àwọ̀ kan, irísí kan, nígbà tí ọmọ inú wọn lè máa jẹ́ ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gbin elégédé ńlá ò fi ń fi ojú kóró ṣe ìpinnu, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Ewé ló ń se oúnjẹ kóró, ìtàkùn ló ń gbé e lọ. Bí èso márùn-ún bá wà lórí ìtàkùn kan, wọ́n á pín in. Bí kóró tó dá dúró nínú èso kan bá pọ̀ púpọ̀, wọ́n á pín in náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fúyẹ́ díẹ̀. Èso tí kóró rẹ̀ kò pọ̀ a máa ní kóró tó wú nígbà mìíràn, wíwú yẹn kò sì fi hàn pé ìran rẹ̀ dára. Ibi tí wọ́n ti ń gbin elégédé ńlá, èso ẹyọ kan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí ìtàkùn, wọ́n á já ìyókù dànù nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Màmá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ewé tí wọ́n ń já lọ tà ni owó ọjà wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ya àwọn ìtàkùn kan sọ́tọ̀ fún irúgbìn, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú jù lẹ́bàá odò, wọ́n á fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà bọ́ ọ, wọn kì í já ewé rẹ̀, èso méjì péré ni wọ́n sì ń jẹ́ kó gbó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní kí Màmá ta gbọ̀ọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún òun, wọn ò ní í tà á, iye yòówù kó mú wá.

Àrùn kan sì wà tó ń fi ohun funfun bo ewé nígbà tí òjò bá ti ń lọ, tí ìrì ń sẹ̀ lóru. Bó bá dé kí kóró tó kún, èso á wà níbẹ̀, á lẹ́wà, kóró rẹ̀ á fẹ̀, inú rẹ̀ á tinrin. Ọ̀dá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa wo ìyẹn lórí atẹ: kóró kan tí aṣọ rẹ̀ tóbi jù fún un, tí èèpo rẹ̀ wọnú, ó ń sọ ọ̀sẹ̀ tí omi wọ́n ìyá rẹ̀.

Ẹ má fi òfin elégédé lo úgù o. Kóró úgù tóbi ju ti elégédé lọ dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ gbígbẹ rárá. Bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn, ìgbà mìíràn á sì ti hù nínú èso kí a tó là á. Akọ àti abo úgù kò sí lórí ìtàkùn kan náà, abo ni àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ń fẹ́ nítorí ewé rẹ̀ tó gbòòrò. Kóró ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣà nítorí pé wọ́n gbà pé abo ló wà nínú rẹ̀. Màmá kì í bá wọn jiyàn, wọ́n á ní kí oníbàárà gbìn ín kó wò ó.

Bí a ṣe ń mọ kóró elégédé tó dára gan-an, ọwọ́ ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn á da kóró sínú omi, èyí tó bá léfòó wọ́n á ní kò dára. Màmá ò gba ìyẹn gbọ́ fún elégédé, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín èèpo àti ọmọ, kóró tó dára pàápàá a máa léfòó. Wọ́n kọ́ mi láti mú kóró gbígbẹ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kí n tẹ àárín rẹ̀, kì í ṣe etí. Èyí tó kún kì í wọnú. Èyí tó jẹ́ aṣọ lásán á dún wẹ́rẹ́, á sì rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n kó ẹ̀kúnwọ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀kúnwọ́ kan sí òsì, láti inú èso méjì, kí n sọ èyí tó wúwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ọwọ́ mi ń gbọ́. Ní báyìí, mo lè dijú sọ ọ́, Màmá kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi mọ́.

Abẹ́ òjìji ni a ń sá kóró sí, lórí atẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà nísàlẹ̀, a kì í sá a sí oòrùn gangan. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ oṣù Kejìlá ló dára jù fún un. Bí kóró bá ṣẹ́ pá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ. Ó ń bọ̀ sínú ìgò nìyẹn, pẹ̀lú eérú díẹ̀ nísàlẹ̀, àti ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà yẹn tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ òdòdó.

Ǹjẹ́ kóró ńlá dára ju kékeré lọ? Nínú èso kan náà, bẹ́ẹ̀ ni, bó bá kún: oúnjẹ tó wà nínú ewé méjì rẹ̀ pọ̀, ọmọ rẹ̀ á tètè la ilẹ̀, á sì tètè na ìtàkùn. Àǹfààní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín ìran méjì, fífẹ̀ kóró kò sọ nǹkan kan nípa bí elégédé ṣe máa tóbi tó. Kò sì sí kóró, bó ti wù kó tóbi tó, tó lè gbé elégédé Paton wá sí Byazhin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojúmọmọ oṣù Kẹfà ju wákàtí 16 lọ, òru sì tutù; tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 lọ, ooru òru wa sì ń jẹ lára ohun tí ewé sè lọ́sàn-án. Mo ti fi ọkàn mi kúrò lórí Atlantic Giant. Elégédé Ìkàrẹ́ àti ti Gbàgyí tí àwọn ìyá ti ń ṣà láti ìrandíran nínú ooru yìí, èyí ni mo fẹ́ mọ̀ dójú àmì.

Ìtàn Ọ̀bàrà Méjì nínú Ifá kò ṣàjèjì sí wa: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ka elégédé tí ọba fún wọn sí, òun ló gbà á, òun ló là á, ọrọ̀ ló bá nínú rẹ̀. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni kóró elégédé ń lọ sórí ààtàn ní Kúbwà. Ilé iṣẹ́ NACGRAB ní Moor Plantation, n'Íbàdàn, ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa sínú òtútù, ilé ìwádìí NIHORT náà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọ́ àti èso n'Íbàdàn kan náà láti ọdún 1975. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú kankan kò lè mọ irú tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà ní Àkókó bí ẹnikẹ́ni ò bá mú un wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí elégédé ìran yín ṣì ń so nílé, ẹ bá mi ṣe nǹkan díẹ̀. Ẹ ya ìtàkùn tó dára jù sọ́tọ̀, ẹ má já ewé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọrùn èso gbẹ pátápátá kí ẹ tó já a, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó là á. Ẹ ṣa kóró tó kún, ẹ kọ orúkọ ìlú, orúkọ ẹni tó gbìn ín àti ọdún sí i. Kí ẹ sì tún un gbìn láìpẹ́, nítorí nínú ooru ilé wa, kóró elégédé kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó kú.